Ìlà Orin Tí Laurent Kò Kọ

Ní ọdún 1928, Laurent, ọmọ Aného létí òkun, dé abúlé kan tí kò jìnnà sí Kamina láti kọ́ àwọn akọrin ìjọ bí a ṣe ń ka orin lójú ìwé. Fádà fẹ́ kí wọ́n kọ orin olóhùn mẹ́rin ní Kérésì, bẹ́ẹ̀ sì rèé, orin àgbọ́sórí nìkan ni gbogbo wọn mọ̀.

Ọ̀sán Ọjọ́rú ni wọ́n máa ń pàdé, tí wọ́n bá ti oko dé. Àgbàlagbà mẹ́fà ni wọ́n. Laurent fa ìlà márùn-ún sára pátákó dúdú, ó ya àmì kan tó lọ́ bí ìkarahun ìgbín sí ìbẹ̀rẹ̀ wọn, ó wá ń to àmì orin sí i bí ẹni ń to kóró ẹ̀wà. Ó ní èyí tó bá wà lókè, kí ohùn gòkè. Èyí tó bá wà nísàlẹ̀, kí ohùn sọ̀ kalẹ̀. Èyí tí inú rẹ̀ ṣófo, kí wọ́n fà á pẹ́; èyí tí inú rẹ̀ dúdú, kí wọ́n tètè fi í sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni Eugène aránṣọ fi ń pe àmì “mí” ní “fá”. Lucie, ìyá Yvette, ló yára mọ̀ ọ́n jù. Ó ní kò yàtọ̀ sí ọ̀nà oko òun: èèyàn á gùn, á tún sọ̀. Opó ni àwọn ará abúlé ń pè é, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ kì í jẹ́ ẹ.

Tí ẹ̀kọ́ bá parí, Laurent á fi aṣọ tútù nu pátákó, á ti ilẹ̀kùn, á sì mú kọ́kọ́rọ́ lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó ṣílẹ̀kùn, ó sì bá ìlà orin kan lára pátákó. Kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀. Àwọn àmì náà tóbi, wọ́n dagun, ẹni tó kọ wọ́n sì tẹ ẹfun débi tí ó fi ha pátákó. Ó bi gbogbo wọn léèrè, kò sí ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀. Ó nù ún nù. Nígbà tí Ọjọ́rú mìíràn pé, ìlà náà ti padà sáyè rẹ̀, èkejì sì wà lábẹ́ rẹ̀. Laurent fọwọ́ kàn án. Ẹfun náà tutù, bí ẹni pé ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú omi ló kọ ọ́.

Ó gbà pé ọ̀kan nínú wọn ló ń fi òun ṣeré. Ó ní kí wọ́n kúkú kà á. Wọ́n ń fà á díẹ̀díẹ̀: sól, mí, mí, ré. Nígbà tí wọ́n dé ìlà kejì, Lucie dákẹ́, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Laurent bi í bóyá ara rẹ̀ kò yá.

Lucie ní, “Olùkọ́, orin ọkọ mi nìyẹn.”

Vincent ọkọ rẹ̀ ti ru irin ní Kamina láyé àwọn Jámánì, nígbà tí wọ́n ń gbé òpó wáyà gíga sókè níbẹ̀. Òun ló fi ẹnu ara rẹ̀ dá orin náà, tó fi ń gbé ẹsẹ̀ lábẹ́ ẹrù. Lọ́dún tí ogun bẹ́ sílẹ̀, ó jáde nílé ní òwúrọ̀ kan, kò padà mọ́. Wọn kò rí òkú rẹ̀. Kò mọ ìwé, kò sì fọwọ́ kan ẹfun rí láyé rẹ̀.

Laurent na ọwọ́ sí aṣọ ìnupátákó. Lucie di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Ẹ má nù ún, ẹ jọ̀ọ́. Kò tíì parí.”

Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, Lucie ti wà lẹ́nu ọ̀nà kí Laurent àti àwọn yòókù tó dé. Ìlà kẹta ti wà lára pátákó, ṣùgbọ́n àárín ló dúró sí, lórí àmì gíga kan tí inú rẹ̀ ṣófo. Laurent ní ẹni tó ń kọ ọ́ kò mọ ìparí rẹ̀ ni. Lucie mi orí. Ó ní ibẹ̀ ni Vincent máa ń dákẹ́ sí tó bá ti ń sún mọ́ ilé, nítorí pé òun ìyàwó rẹ̀ ló máa ń gbe ìyókù láti inú ilé.

Ó mú ẹfun. Kò ṣi àmì kankan kọ. Ó kọ márùn-ún, ó wò wọ́n, ó fi méjì kún un. Lẹ́yìn náà ló kọ ọ́ lórin: “Omi ti wà nílẹ̀, máa bọ̀.”

Gbogbo wọn gbọ́ ẹsẹ̀ níta. Ẹsẹ̀ ẹni tó rẹrù wúwo ni, ó ń bọ̀ ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà. Ohun kan bíi irin balẹ̀ gbì, bẹ́ǹṣì sì mì lábẹ́ wọn. Nígbà tó yá, Eugène lọ ṣílẹ̀kùn. Oòrùn ọ̀sán nìkan ló wà níta. Ṣùgbọ́n iyẹ̀pẹ̀ iwájú ilẹ̀kùn ti tẹ̀ wọnú, ojú rẹ̀ gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, bí ibi tí wọ́n gbé ọ̀pá irin sí. Lucie kúnlẹ̀ tì í, ó sì sun ẹkún tí kò rí sun láti ọdún mẹ́rìnlá.

Kò sí ẹni tó tún bá ohunkóhun lára pátákó mọ́. Ní Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Fádà ṣe Mísà òkú fún Vincent, Lucie sì wọ aṣọ ọ̀fọ̀. Wọ́n kọ orin olóhùn mẹ́rin náà ní Kérésì, ó sì dùn. Kí oṣù kìn-ín-ní ọdún tuntun tó parí, Laurent bẹ Fádà pé kí wọ́n gbé òun padà sí etí òkun.

Lucie ló ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí Yvette dàgbà, ó bẹ ìyá rẹ̀ pé kó kọ́ òun ní orin bàbá òun. Lucie kọ́ ọ ní ti bàbá náà. Ìdáhùn tirẹ̀ ni kò kọ́ ẹnikẹ́ni.