Ẹ̀gbọ́n Ọjọ́ Kan

Inú ṣì ń bí mi, ẹ má sì bẹ̀ mí. Odidi sáà bọ́ọ̀lù kan ni mo fi gbé àpò omi kiri Alímọ̀ṣọ́, èmi tí mo mọ ilé góòlù ṣọ́ ju ẹni tí wọ́n fi síbẹ̀ lọ, nítorí pé bàbá mi ò lè kọ ọjọ́ ìbí àbúrò ṣáájú ti ẹ̀gbọ́n.

Ìbejì ni wá. Zulaihat ni Táyéwò, èmi Qonitah ni Kẹ́hìndé. A ò jọra rárá: òun dúdú, ó sì kúrú, èmi pupa, mo sì ga. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó gbẹ̀yìn ọdún 2006 ni Táyé dé. Èmi dúró sẹ́yìn títí ọdún tuntun fi mọ́, bí ẹni tó ti mọ̀ pé wàhálà ń bẹ níta. Gbogbo Yorùbá ló mọ̀ pé ẹni tó kẹ́yìn dé lẹ̀gbọ́n, òun ló rán èkejì pé kó lọ tọ́ ayé wò. Ṣùgbọ́n kí ni ipò ẹ̀gbọ́n yìí fún mi rí? "Fi ẹran yẹn sílẹ̀ fún un, ìwọ lẹ̀gbọ́n." "Má bá a jà, ìwọ lẹ̀gbọ́n." Mi ò rántí ìgbà kan tí mo rán Táyé níṣẹ́ tó sì lọ.

Nígbà tí líìgì agbègbè ti àwọn ọ̀dọ́bìnrin fẹ́ bẹ̀rẹ̀, Kóòṣì Zacchaeus, tíṣà ará Èkìtì tó ń kọ́ wa ní pápá ilé ìwé kan ní Ìgandò, ní kí á mú ìwé ọjọ́ ìbí wá. A ò ní. Ilé agbẹ̀bí ni wọ́n bí wa sí, a kì í sì í ṣe ọjọ́ ìbí nílé wa. Bàbá wa, télọ̀ ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìkọ̀tún, lọ búra ọjọ́ ìbí wa ní kóòtù kí wọ́n lè fún un níwèé. Nígbà tó dé, mo gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo kà á. Kẹ́hìndé: ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá, 2006. Táyéwò: ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní, 2007.

"Bàbá, ẹ ti pààrọ̀ ọjọ́ wa. Èmi ni mo dé lọ́jọ́ kejì."

"Mo mọ̀. Ṣé kí akọ̀wé kóòtù wá máa bi mí pé irú ẹ̀gbọ́n wo ni wọ́n bí lẹ́yìn àbúrò ẹ̀ ni? Ọjọ́ kan ṣoṣo ni, jàre. Kí ni ọjọ́ kan máa ṣe?"

Ohun tí ọjọ́ kan ṣe rèé. Òfin líìgì ní ẹni tí wọ́n bá ti bí kí ọdún 2007 tó wọlé kò gbọ́dọ̀ gbá a. Wọ́n fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù Táyé, wọ́n ju tèmi sínú fáìlì. Promise, ọmọ ẹgbẹ́ wa kan, ni wọ́n fi ṣọ́ ilé dípò mi. Ọmọ dáadáa ni Promise o, àfi pé ó máa ń di ojú bí bọ́ọ̀lù bá ń bọ̀.

Mo sáré lọ bá bàbá mi nídìí maṣíìnì, mo ní kó padà lọ tún un ṣe.

"Kí n lọ sọ fún kóòtù pé irọ́ ni mo fi Kùránì búra? Ìwọ lẹ̀gbọ́n, Kẹ́hìndé. Gbà á mọ́ra."

Mo wo Táyé. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń so okùn bàtà bọ́ọ̀lù rẹ̀. Ó mọ̀ pé bí wọ́n bá tún ìwé yẹn ṣe, òun ló máa jáde. Kò gbójú sókè.

Bí sáà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìdímù, Ìpájà, Ẹ̀gbẹ́dá, gbogbo ibi tí wọ́n bá ti gbá bọ́ọ̀lù ni mo gbé àpò omi lọ. Bí òjò bá rọ̀ tí pápá di ẹrọ̀fọ̀, èmi ni mo máa ń fọ jẹ́sì méjìdínlógún. Táyé jẹ góòlù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àwọn ènìyàn ń kọrin ìbejì fún un, ìbejì kan ṣoṣo! Ní Ìdímù, bọ́ọ̀lù kan tí ọmọ ọdún mẹ́fà lè mú gba abẹ́ Promise kọjá, inú bí mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi eyín fa ìdérí ike omi ya. Síbẹ̀, a ń borí. Nígbà tó ku ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan, tiwa àti ẹgbẹ́ Command, àwa la wà lókè.

Ìyá wa ló tú u. Ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó ṣáájú ìyẹn, Táyé jẹ góòlù méjì, ìyá wa sì ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Ó di obìnrin kan mú. "Ọjọ́ tó gbẹ̀yìn ọdún ni mo bí eléyìí o! Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ di ọjọ́ kejì, nínú ọdún tuntun!" Ìyá ọmọ ẹgbẹ́ Command kan lobìnrin náà, ó wá wo bí a ṣe ń gbá a. Ọjọ́ kẹta ni ìwé ẹ̀sùn dé.

Ìgbìmọ̀ líìgì pè wá ní Ọjọ́bọ̀. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì wọn. Bàbá mi ní ohun tó wà nínú ìwé ni kí gbogbo wa sọ. Kóòṣì sún mọ́ mi.

"Kẹ́hìndé, ìwọ gan-an ni wọ́n máa bi. Jọ̀ọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́."

Ọjà wo? Àpò omi ni wọ́n gbé fún mi! Wọ́n fẹ́ kí n fi ẹnu ara mi purọ́ ìbí ara mi, kí wọ́n lè rí mi yọ kúrò nínú pápá dáadáa. Mo dìde, mo dúró níwájú Táyé.

"Ṣé ẹ̀gbọ́n ẹ ni mí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni ẹ́."

"Nínú ikùn ìyá wa, ta ló rán ta níṣẹ́?"

"Ìwọ lo rán mi."

"Ó dáa. Mo tún rán ẹ. Wọlé lọ bá wọn, kó o sọ ọjọ́ tó o dé."

Bàbá mi pariwo orúkọ mi. Mi ò bojú wẹ̀yìn.

"Gbogbo góòlù mi ńkọ́?" Táyé ti ń sunkún.

"Gbogbo sáà mi ńkọ́?"

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó sì wọlé. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó jẹ́ iṣẹ́ mi láti ọjọ́ tí a ti dáyé.

Wọ́n ránṣẹ́ sí ilé agbẹ̀bí, wọ́n wo ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ ọmọ sí níbẹ̀, wọ́n sì gba gbogbo pọ́ìntì tí a ti kó jọ lọ́wọ́ wa. Láti òkè, a já sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Fọ́ọ̀mù mi ṣì wà nínú fáìlì wọn, wọ́n fọwọ́ sí i pé mo lè gbá èyí tó kù. Bọ́dún bá yí, ọjọ́ orí yóò ti lé àwa méjèèjì kúrò nínú líìgì náà. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo ni tèmi, kò sì ní èrè kankan nínú.

Lọ́jọ́ Sátidé, Promise ju ìbọ̀wọ́ sí mi lẹ́sẹ̀, kò wojú mi. Kóòṣì pe nọ́ńbà mi, kò pe orúkọ mi. Bàbá mi ò wá. Kí ìlàjì eré tó pé, rẹfirí fún Command ní pẹ́nárítì. Ọmọ náà gbá a sí ọ̀tún, mo fò, mo mú un, mo sì dì í mọ́ àyà nínú ẹrọ̀fọ̀. Mo gbọ́ ìró ara mi nígbà tí mo ṣubú, nítorí ẹnikẹ́ni ò pàtẹ́wọ́.

Nígbà tí wọ́n fọn fèrè ìsinmi, Táyé gbé àpò omi wá bá mi. Ojú rẹ̀ wú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, omi rèé."

Mo gbà á, mo mu ún tán, mo dá ike padà fún un. Mi ò dúpẹ́. Sáà kan gbáko, kò sẹ́ni tó dúpẹ́ lọ́wọ́ èmi náà.