Íńtánẹ́ẹ̀tì Kẹ̀yìn sí Bàbá Ìlànà

Ogójì ojú-ìwé gbáko ni Bàbá Ìlànà fi kọ ìwé tí gbogbo òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ wọn fi ń tún íńtánẹ́ẹ̀tì ilé wọn ṣe. Ibẹ̀ ni orúkọ ìnagijẹ náà ti wá. Ìwé ọ̀hún ní àwòrán, ó ní àtẹ, ó ní ọ̀rọ̀ ìṣáájú tó fi dúpẹ́ lọ́wọ́ ara rẹ̀ lọ́nà ọgbọ́n. Òun alára kò lò ó rí. Bí íńtánẹ́ẹ̀tì bá kú nílé, á jáde lọ na ẹsẹ̀. Kó tó padà dé, íńtánẹ́ẹ̀tì á ti jí. Kò bi ara rẹ̀ rí bóyá ẹnì kan ló ń jí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí, agogo mẹ́wàá ni àwọn ọ̀gá àgbà mẹ́fà fẹ́ fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò lórí kọ̀ǹpútà. Ipò olórí ẹ̀ka ìrànlọ́wọ́ ló ṣí sílẹ̀. Ọdún kọkànlá rèé tó ti ń retí ẹ̀. Bó bá sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ lónìí, ẹni tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ níṣẹ́ ni yóò di ọ̀gá rẹ̀. Ó wọ kóòtù, ó so táì, ó fi ṣòkòtò tó fi sùn sílẹ̀ sídìí, torí ojú kámẹ́rà kì í délẹ̀. Ó wá fi aṣọ nu kọ̀ǹpútà alágbèéká tí iléeṣẹ́ fún un títí tó fi ń dán.

Ogún ìṣẹ́jú ló kù tí kọ̀ǹpútà sọ pé òun kò rí íńtánẹ́ẹ̀tì kankan. Fóònù ń rí i. Tẹlifíṣọ̀n ń rí i. Ìlànà iléeṣẹ́ sì ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi fóònù wọ ìpàdé; òun náà ló kọ ìyẹn.

Ó pa kọ̀ǹpútà, ó tún un tàn. Ó yọ wáyà ẹ̀rọ wáìfáì lára ògiri, ó ka oókan dé ọgbọ̀n, ó dá a padà síbẹ̀. Ó gbé kọ̀ǹpútà lọ sójú fèrèsé, ó gbé e dé bálùwẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, aránṣọ tó sọ yàrá kejì di ṣọ́ọ̀bù, bi í láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ pé ṣé kò sí nǹkan. Ó ní kò sí. Àgbà tó kọ ogójì ojú-ìwé, ṣé aránṣọ ni yóò wá máa bi? Wọ́n ní bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀, àmọ́ ọ̀bẹ tiwa kò gbà.

Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ, ó pe ẹ̀ka ìrànlọ́wọ́. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù kò dá ohùn rẹ̀ mọ̀. Ó ṣí ìwé ọ̀hún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sí i létí. Ojú-ìwé kẹta ní kó fọkàn balẹ̀. Ojú-ìwé kẹsàn-án ní bí kò bá sí íńtánẹ́ẹ̀tì, kó wọ orí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ fẹjọ́ sùn. Bàbá Ìlànà béèrè pé òmùgọ̀ wo ló kọ irú èyí.

"Ẹ má bú wọn, sà," ni ọmọbìnrin náà wí. "Wọ́n ní àgbàlagbà ni."

Agogo mẹ́wàá lù, ó kọjá. Ìbẹ̀rù mú un, ẹkún fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ̀n ọ́n. Ó pe ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó wọlé, tépù ìwọnṣọ lọ́rùn, fóònù ṣì ṣí sílẹ̀ lórí tábìlì, tí ọmọbìnrin náà ń gbọ́ wọn.

"Dádì, ṣé ẹ tún ti nù ún?"

"Kí ni mo nù?"

"Bọ́tìnì tí wọ́n ya ọkọ̀ òfurufú sí yìí. Tí aṣọ bá ti tẹ̀ ẹ́, kò ní rí wáìfáì mọ́. Ìgbàkígbà tí ẹ bá ní ìpàdé ńlá lẹ máa ń nù ún, èmi ni mo sì máa ń tẹ̀ ẹ́ padà."

Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, íńtánẹ́ẹ̀tì dé, ó padà sídìí aṣọ rẹ̀. Ọmọbìnrin inú fóònù béèrè ohun tí òun máa kọ sínú ìròyìn. Bàbá Ìlànà ní kó kọ èyí tó bá wù ú, ó pa fóònù.

Nígbà tó wọ ìpàdé, àwọn ọ̀gá bi í pé kí ló dá a dúró. Ó wúkọ́, ó ṣàlàyé bí ìgbì afẹ́fẹ́ ṣe lọ́ mọ́ra wọn, àti bí òun ṣe fi ìlànà ara òun tú u ní ìsọ̀rí-ìsọ̀rí. Irọ́ náà ń dùn ún sọ. Ó wá rí i pé ojú ìyá àgbà tó jẹ́ olórí wọn ti yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń ka nǹkan. Gbàrà tí ẹ̀ka ìrànlọ́wọ́ bá ti parí ẹ̀sùn kan ni ìròyìn rẹ̀ máa ń balẹ̀ síwájú àwọn ọ̀gá.

Ìyá àgbà kà á sókè: "Ohun tó fà á: aṣọ ìnukọ̀ǹpútà. Ẹni tó tún un ṣe: ìyàwó wọn. Irinṣẹ́ tó lò: ìka kan."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, ìyẹn gan-an ló dùn ún jù. Ojú tì í dé inú egungun.

"Ṣé ìyàwó yín wà nítòsí?" ni ìyá àgbà bi í. "Ẹ bá wa pè wọ́n."

Ó yíjú sẹ́yìn, ó pè é. Ẹ̀rọ ìránṣọ kò dúró.

"Ẹ ní kí wọ́n ní sùúrù," ni ìyàwó dáhùn, "mo ń rán apá aṣọ lọ́wọ́."

Bàbá Ìlànà jíṣẹ́. Àwọn ọ̀gá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní kò burú, àwọn á dúró.