Ọwọ́ Tí Dell Ń Nà Sẹ́yìn

Ọdún kẹsàn-án rèé tí Orrin Tasker ti ń ṣọ́ ìpẹ̀kun pápá fún ẹgbẹ́ béèsìbọ́ọ̀lù ìlú Marlow, ní Ohio. Onígi, ará ẹgbẹ́ kejì tó ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù, kò ní tíì gbá a tán tí Orrin á ti máa sáré lọ síbi tó máa bọ́ sí. Àwọn èrò ìwòran ní ó ní ojú kẹta. Ojú kẹta wo? Dell Hanratty ni ojú kẹta ọ̀hún.

Iwájú Orrin ni Dell máa ń dúró sí, níbi tó ti ń rí ìka tí Gus Pfeil, ẹni tó ń hán bọ́ọ̀lù lẹ́yìn onígi, fi ń sọ irú bọ́ọ̀lù tí ajubọ́ọ̀lù máa jù. Bí Dell bá ti rí i, á na ọwọ́ sẹ́yìn. Bó bá di ìkúùkù, bọ́ọ̀lù líle ń bọ̀, ọ̀tún sì ni onígi sábà máa ń gbá a sí, Orrin á fì síbẹ̀. Bó bá la àtẹ́lẹwọ́, bọ́ọ̀lù jẹ́jẹ́ tó ń kọrọ ni, Orrin á fì sápá òsì. Gbogbo ẹgbẹ́ ló ní irú àmì bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó gún bíi tàwọn méjèèjì.

Orrin ló kọ́ Dell níṣẹ́ nígbà tó dé bí adìẹ tí òjò pa. Yàrá kan náà ni wọ́n ń sùn bí ẹgbẹ́ bá rìnrìn àjò. Dell ló gbé Clara, ọmọ Orrin, lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe ìsàmì fún un.

Oṣù Keje ni nǹkan yí padà. Bọ́ọ̀lù tí Orrin ń hán bí ẹni ń já ọsàn bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sílẹ̀. Á fì sí òsì, bọ́ọ̀lù á gba ọ̀tún lọ. Èrò ìwòran, àwọn aláìmoore, ń kígbe pé kí bàbá àgbà lọ gbé àga jókòó. Dell á tù ú nínú, á ní ojú ló ń ṣe é, ó tiẹ̀ bá a lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ojú. Oníṣègùn ní ojú rẹ̀ dá ṣáká. Dell ní kí ló mọ̀.

Ọ̀gá ẹgbẹ́, Ọ̀gbẹ́ni Crandall, wá fún un di ọjọ́ Sátidé. Bí kò bá tún un ṣe, kó máa lọ. Níbo ni Orrin máa lọ? Inú ihò èédú tó ti jáde wá, èyí tó wó pa bàbá rẹ̀, ló ṣì ń dúró dè é. Ẹ̀rù ihò yẹn ń bà á ju ikú fúnra rẹ̀ lọ.

Sátidé pé. Kí eré tó dé ìdajì, bọ́ọ̀lù méjì ti bọ́ sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe jókòó sórí bẹ́ǹṣì, Orrin bẹ Gus pé kó dín bọ́ọ̀lù tó ń kọrọ kù, torí ìyẹn ló ń da òun láàmú. Gus wò ó bí ẹni ń wo wèrè.

"Èwo ló ń kọrọ? Ìgbọ̀nwọ́ ń dun ajubọ́ọ̀lù wa láti àárọ̀, kò lè yí ọwọ́. Líle nìkan ni mo ń bèèrè lọ́wọ́ ẹ̀, mi ò tíì bèèrè ẹyọ kan tó ń kọrọ lónìí."

Orrin kà á lọ́kàn. Ó ti rí àtẹ́lẹwọ́ Dell lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́jọ́ náà. Ọkàn rẹ̀ ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, pé Dell kọ́, Dell ò lè ṣe é.

Wọ́n padà sórí pápá. Dell na ọwọ́ sẹ́yìn, ó la àtẹ́lẹwọ́. Orrin gbàdúrà pé kí bọ́ọ̀lù gba òsì, kí òun pàdánù rẹ̀, kó ṣáà jẹ́ pé ọ̀rẹ́ òun ò purọ́. Ó wá fì sí ọ̀tún. Gbàù! Bọ́ọ̀lù fò wá bá a tààrà, kò gbé tó ẹsẹ̀ mẹ́ta tó fi hán an. Pápá hó yèè. Dell yíjú padà wò ó, ojú rẹ̀ sì ti jẹ́wọ́ tán. Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, ilé laṣeni ń gbé. Ẹni tó pòwe yẹn mọ irú Dell dáadáa.

Bí eré ṣe parí, Orrin ká a mọ́ ibi tí wọ́n ti ń wẹ̀.

"Dell, kí ni mo fi ṣe ẹ́?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò fi nǹkan kan ṣe mí," Dell dáhùn, ó ń nu ẹsẹ̀. "Àbúrò ìyàwó mi ló ń wá iṣẹ́, ipò yín nìkan ló sì mọ̀. Mo rò pé tẹ́ ẹ bá gbà pé ojú yín ni, ẹ máa lọ ní ìrọ̀rùn, a ó sì jọ máa ṣọ̀rẹ́ wa lọ."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀dàlẹ̀! Ó fẹ́ pa màlúù jẹ, ó tún fẹ́ kí màlúù dúpẹ́ lọ́wọ́ òun.

Orrin lọ bá Crandall, ó ro gbogbo ẹ̀, ó ní kí wọ́n bi Gus. Wọ́n pe Gus. Gus, tó ní ọmọ márùn-ún nílé, wo ilẹ̀, ó ní òun ò rántí ohun tí òun bèèrè. Crandall ní kí Orrin má dààmú ara rẹ̀, àbúrò ìyàwó Dell ti fọwọ́ síwèé láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Sátidé tí wọ́n fún un, ẹ̀tàn lásán ni.

Ó fẹsẹ̀ rìn délé. Ó ń rò ó lọ́nà pé Nettie, ìyàwó òun, á gba òun gbọ́, ó kéré tán. Nettie ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Ó na lẹ́tà kan sí i, ó ní òun ò fẹ́ kó rí i kí Sátidé tó kọjá. Ó ní Dell ti wá bá òun nínú oṣù Kẹfà, pé ojú Orrin ń lọ, pé kí ebi má bàa pa wọ́n, ó sì bá òun kọ̀wé sí ihò èédú.

Oṣù Kẹfà! Bọ́ọ̀lù kankan ò tíì bọ́ sílẹ̀ nígbà náà.

"Wọ́n ti gbà ẹ́, Orrin," Nettie wí, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ọjọ́ Ajé lo máa bẹ̀rẹ̀. Jọ̀ọ́, rántí dúpẹ́ lọ́wọ́ Dell."