Etí Bàbá Mẹkáníìkì

"Tún un yí," ni bàbá wí.

Obìnrin tí gbogbo òbí àdúgbò ń pè ní Àǹtí Bọ́ọ̀sì tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì yí táyà iwájú tí wọ́n ti fi jáàkì gbé kúrò nílẹ̀. Bàbá fi ẹnu ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti ẹ̀yìn táyà náà, ó fi ìdí ọ̀pá ti ihò etí rẹ̀, ó sì dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń ròyìn ilé ẹlòmíràn fún. Báyìí ló ti ń ṣe é láti nǹkan bí ogójì ọdún. Kì í mi táyà, kì í tú nǹkan kan wò. Gbígbọ́ ló máa ń gbọ́ àìsàn mọ́tò. Àwọn awakọ̀ ló sọ ọ́ ní Elétí. Wọ́n ní bí èèrà méjì bá ń jà nínú ẹ́ńjìnnì, Elétí á mọ èyí tó jẹ̀bi.

Táyà ń yí, ó sì ń dún: kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀, bí ìgbà tí yanrìn bá wà lójú ọlọ. Àǹtí Bọ́ọ̀sì gbọ́ ọ láìlo ọ̀pá. Ó tẹjú mọ́lẹ̀, ó ń dúró de ohun tí bàbá yóò sọ.

"Kò sí nǹkan kan," bàbá wí, ó sì yọ ọ̀pá létí. "Táyà yìí ló ti ń jẹ. Máa wà á lọ."

"Ẹ ṣeun, Bàámi."

Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ni. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti dàgbà láti ọmọ ọdún méje. Òun ló kọ́ ọ ní mọ́tò wíwà, òun ló kọ́ ọ bí a ti ń kúnlẹ̀ kí ènìyàn, òun náà ló kọ́ ọ pé bí àgbà bá ń ṣe nǹkan, ọmọ tó gbẹ̀kọ́ kì í wò ó lójú. Ta ni yóò wá sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé ohun tó ní kò sí yìí, òun gbọ́ ọ?

Ọjọ́ Sátidé ni. Ní ọjọ́ Ajé, ọmọ mẹ́fà yóò wọ inú bọ́ọ̀sì yẹn lọ sílé ìwé.

Kò tíì dé òpin òpópónà tí ọkọ rẹ̀ fi pè é lórí fóònù. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kó tó gbé e.

"Kí ni bàbá wí?"

"Wọ́n ní kò sí nǹkan kan."

"Ìwọ ńkọ́? Kí ni etí tìrẹ wí?"

Ó bojú wẹ̀yìn wo àwọn ìjókòó ọmọdé.

"Ṣé o rí i, ọmọ mẹ́fà ni. Ọ̀kan nínú wọn, èmi ni mo bí i. Kọ́ńpínì tó ta bọ́ọ̀sì yẹn fún wa ò tíì kó lọ. Gbé e tọ̀ wọ́n lọ."

"Bí mo bá gbé e lọ síbẹ̀, bí ìgbà tí mo sọ pé Bàámi ò mọṣẹ́ mọ́ ni."

"Ìwọ ò ní sọ nǹkan kan. Mọ́tò ni yóò sọ̀rọ̀."

Nígbà tó tún tẹ iná, ọ̀nà kọ́ńpínì ló kọrí sí, ó sì ń rọra wà á bí ẹni tó ru omi sórí.

Ilẹ̀ kọ́ńpínì mọ́ débi pé ó kọ́kọ́ fẹ́ bọ́ bàtà. Gíláàsì ńlá ló pààlà sáàárín àwọn oníbàárà àti ibi tí wọ́n ti ń tún mọ́tò ṣe, nítorí náà ènìyàn lè rí mọ́tò rẹ̀ lókèèrè, ṣùgbọ́n kò lè gbọ́ ọ. Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ eérú jáde wá, ó ní kó jẹ́ káwọn jọ wà á yípo lẹ́ẹ̀kan. Wọn ò tíì yà ní kọ́nà kejì tí ọkùnrin náà fi gbé orí sókè.

"Ẹ gbọ́ ọ, mà?"

"Mo gbọ́ ọ."

"Ta ló ń bá yín tún un ṣe?"

"Ẹbí ni."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ẹbí! Ẹ má bínú, mà. Ẹbí ló ń ba mọ́tò jẹ́ ju kòtò ojú títì lọ."

Àǹtí Bọ́ọ̀sì kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n gbé bọ́ọ̀sì náà sókè tán, ọkùnrin yẹn padà wá pẹ̀lú ìwé kan, ojú rẹ̀ kò sì ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

"Bíárìn inú táyà iwájú lápá òsì ti jẹ tán. Òun ló ń jẹ́ kí táyà yí geere. Bó bá gan lórí eré, táyà yẹn lè yọ. Ẹ má gbé ọmọ kankan sínú ẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀ fún wa títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun."

Ó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún wọn. Ó tẹ iṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn òbí pé kò ní sí bọ́ọ̀sì ní ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ti bùṣe, ó lè máa lọ sílé. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbà. Mọ́tò mélòó ló ti gba ọ̀dọ̀ Bàámi kọjá láti ìgbà tí etí ti ń tàn án? Nọ́ọ̀sì tó ń gbé lẹ́yìnkùlé wọn ńkọ́? Àwọn awakọ̀ tó ń gbé èrò lọ sí ọ̀nà jíjìn ńkọ́? Gbogbo wọn ni wọ́n ti gbọ́ "kò sí nǹkan kan", wọ́n sì ti gbà á gbọ́.

Ó fi ẹsẹ̀ rìn padà.

Awakọ̀ méjì jókòó lórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀ bàbá, wọ́n ń jiyàn bọ́ọ̀lù. Bàbá wo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Mọ́tò ńkọ́?"

"Mo gbé e lọ sí kọ́ńpínì, Bàámi," ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ó dáa, ó dáa. Bá mi kí i."

Ó wo àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì. Wọn ò fiyè sí i. Ohun tó fẹ́ bá bàbá sọ kò ṣeé pariwo, bí kò bá sì pariwo, bàbá ò ní gbọ́. Ó na ìwé kọ́ńpínì sí i.

Bàbá yọ awò ojú rẹ̀ lápò. Ó kà á, ètè rẹ̀ ń mì. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà ó yíjú padà, ó wọ inú ìsọ̀ lọ, Àǹtí Bọ́ọ̀sì sì tẹ̀ lé e.

"Láàárọ̀ tí ò ń yí i, o gbọ́ ọ?"

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"O gbọ́ ọ, o sì dákẹ́."

"Ẹ ní kò sí nǹkan kan ni."

"Sọ ọ́ sókè."

"Ẹ ní kò sí nǹkan kan, Bàámi."

Bàbá jókòó lórí táyà ògbólógbòó kan. "Ó ti tó ọdún kan àbọ̀. Mo rò pé etí mi yóò padà bọ̀ sípò. Ojú ẹni tó gbé mọ́tò wá ni mo wá fi ń gbọ́. Bí nǹkan bá dún, ojú rẹ̀ á fà. Màá mọ̀ pé ibẹ̀ ló wà. Wọ́n kúkú ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ṣùgbọ́n ìwọ, ilẹ̀ lò ń wò."

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bẹ́ẹ̀."

"Èmi ni." Ó rẹ́rìn-ín tí kò dé ojú. "Mo kọ́ ọ yó."

Fèrè mọ́tò dún níta. Awakọ̀ kan tó máa ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé ló dé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń fi ẹ̀fẹ̀ pè é ní Jẹ́jẹ́. Èrò ti kún inú mọ́tò rẹ̀ fọ́fọ́, obìnrin kan gbé ọmọ ọwọ́ sórí itan níwájú.

"Elétí! Ẹ fetí kàn án fún mi kíá, ọ̀nà jìn."

Bàbá jáde. Ó tẹ̀ba mọ́ ẹ́ńjìnnì tó ń kù, ó gbójú sókè wo Jẹ́jẹ́. Aago ni Jẹ́jẹ́ ń wò; kò sí ohun kan tí ènìyàn lè kà lójú rẹ̀. Bàbá wá wo Àǹtí Bọ́ọ̀sì. Obìnrin náà kò gbé ojú kúrò. Kò sì fi ojú ràn án lọ́wọ́.

"Jẹ́jẹ́," bàbá wí, "pa iná. Etí mi ò gbọ́ mọ́."

"Etí Elétí? Ẹ jẹ́ ká gbọ́ràn míràn, bàbá." Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín.

"Ọdún kan àbọ̀. Ẹni tí mo bá bá wo mọ́tò láti ìgbà yẹn, kó gbé e fún ẹlòmíràn wò. Kọ́ńpínì ni o, mẹkáníìkì mìíràn ni o. Ẹ bá mi sọ fún àwọn yòókù."

Ẹ̀rín dá. Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì dìde, ó lọ dúró ti mọ́tò tirẹ̀, ó ń wò ó bí ẹni tí kò rí i rí.

Jẹ́jẹ́ pa iná. Ó ṣí ilẹ̀kùn.

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀ ná, ẹ̀yin èèyàn mi," ó wí.

Àwọn èrò ń kùn, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ọwọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ nà jáde láti iwájú, Àǹtí Bọ́ọ̀sì sì gbà á.