Bíìnì Bàbá Àgíríìkì

Bàbá mi ránṣẹ́ sí mi pé kọ̀ǹpútà òun ti di ìgbín. Kò sọ pé ó bàjẹ́ o. Ó ní ó di ìgbín. Láàárọ̀, tí òun bá tàn án, òun á lọ fọnu, òun á ka Sáàmù, òun á mu ẹ̀kọ gbígbóná tán, kí ojú rẹ̀ tó là. Mo rẹ́rìn-ín. Mo kó àwọn dísíkẹ́ẹ̀tì mi sápò, mo ti ṣọ́ọ̀bù mi ní Adégbayì, mo sì wọkọ̀ lọ sí abúlé wa lẹ́yìn Akanran, ní ọjọ́ Sátidé kan nínú ọdún 1998.

Iṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe. Èmi kì í ṣe onísùúrù, àwọn oníbàárà mi sì mọ̀. Ẹni tó bá gbé kọ̀ǹpútà tí eruku ti dì bí àkàrà nínú rẹ̀ wá fún mi, màá kọ́kọ́ bá a wí kí n tó tú u. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi yá, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń padà wá. Gbogbo ohun èlò mi kò ju àwọn ètò ọ̀fẹ́ tí mo dà kọ láti inú àwo tó máa ń bá ìwé ìròyìn òyìnbó wá: ọ̀kan ń pa kòkòrò inú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan ń gbá pàǹtírí, ọ̀kan ń to ohun inú rẹ̀ kí ó lè yá, ọ̀kan sì ń wá ohun tó sọnù. Àwọn tó ṣe wọ́n ní kí gbogbo ayé máa lò wọ́n lọ́fẹ̀ẹ́, èmi náà sì máa ń ṣàdúrà fún wọn.

Fọlọ́runṣọ́ ni orúkọ bàbá mi, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ lábúlé. Bàbá Àgíríìkì ni wọ́n ń pè é, nítorí iṣẹ́ ìjọba tó ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì. Òun ló ń gun alùpùpù káàkiri Ọ̀nà-Àrà àti Ẹgbẹ́dá, tó ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ́ bíìnì, ìyẹn ilé kékeré onípáánù tó dúró lórí ẹsẹ̀ irin, tí wọ́n ń kó àgbàdo gbígbẹ sí kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ bíìnì kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé ọ̀kan nínú àwọn ẹbí rẹ̀ ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn tí ìyá wa kú ni Wándé, ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, fi kọ̀ǹpútà náà ránṣẹ́ sí i. Àlòkù ni, àyè inú rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n Windows wà lórí rẹ̀. Èmi ni mo kọ́ bàbá bí wọ́n ṣe ń tẹ̀wé, bí wọ́n ṣe ń sọ fáìlì lórúkọ, àti bí wọ́n ṣe ń fi máòsì wọ́ nǹkan láti ibì kan lọ sí ibòmíì. N kò kọ́ ọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ìbéèrè rẹ̀ ti pọ̀ jù fún mi.

Ohun tó ń tẹ̀ sínú rẹ̀, orin ìyá wa ni. Gbọ́njúbọ́lá ni ìyá wa ń jẹ́, ọmọ ìjọ Séráfù ni, orin sì máa ń bá a lójú oorun. Yóò jí ní ìdájí, yóò máa kọ ọ́ bó ṣe ń gbálẹ̀, orin tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí. Kò mọ̀wé, kò sì sẹ́ni tó gba ohùn rẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì. Bàbá nìkan ló mọ gbogbo wọn, bàbá sì ti ń gbàgbé nǹkan. Ó lè fi kọ́kọ́rọ́ sápò kó máa wá a kiri ilé. Ìdí nìyẹn tó fi jókòó ti kọ̀ǹpútà náà, tó ń tẹ orin kọ̀ọ̀kan kí ó tó bọ́ lórí rẹ̀.

"Moyin," ó sọ fún mi nígbà kan, "tí mo bá ti tẹ ọ̀kan tán, ara á tù mí. Mo lè jẹ́ kó lọ."

Nígbà tí mo dé, mo kúnlẹ̀ kí i. Ó ní, "O káàbọ̀. Ìgbín rẹ wà nínú yàrá." Iná wà, nítorí náà n kò jókòó. Mo tú ìdí kọ̀ǹpútà náà, mo fẹ́ eruku rẹ̀, mo yọ ẹyin ọmọńlé kúrò nínú rẹ̀, mo sì dè é padà. Mo fi dísíkẹ́ẹ̀tì kìíní wá kòkòrò, kò rí nǹkan kan. Mo fi ìkejì sí i, èyí tó ń gbá pàǹtírí. Ó kó àwọn ìdọ̀tí tí ẹni tó kọ́kọ́ ni kọ̀ǹpútà náà fi sílẹ̀ sọnù, lẹ́yìn náà ó béèrè bóyá kí òun da ohun tó wà nínú "Recycle Bin" nù. Ta ló ń ro ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì? Agbọ̀n ìdọ̀tí ni. Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni, mo sì fi dísíkẹ́ẹ̀tì kẹta sí i kí ó máa to ìyókù.

Ètò tó ń to nǹkan yẹn máa ń ya àwọn àpótí wẹ́wẹ́ sójú kọ̀ǹpútà, wọ́n á máa ṣí kúrò níbí, wọ́n á máa lọ sọ́hùn-ún. Bàbá gbé àgbàdo sísè wọlé fún mi, ó sì dúró lẹ́yìn mi, ó ń wò wọ́n.

"Ó ń to ebè," ó ní, inú rẹ̀ dùn. Lẹ́yìn náà ó tẹ̀ síwájú, ó fi ìka kan igun ojú kọ̀ǹpútà. "Moyin, ta ló kó ohun inú bíìnì mi?"

"Bíìnì wo, Bàbá?"

"Eléyìí. Bébà máa ń wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ti ṣófo."

"Pàǹtírí nìyẹn, Bàbá. Ibẹ̀ ni wọ́n ń da ohun tí wọn ò fẹ́ mọ́ sí."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ? Bíìnì ni wọ́n kọ sí i lára! Bíìnì ohun tó ń yí padà wá. Irúgbìn nìyẹn. Ohun téèyàn bá kó sí bíìnì lọ́dún yìí ni yóò gbìn lọ́dún tó ń bọ̀. Kí ni mo fi gbogbo ọdún iṣẹ́ mi kọ́ àwọn àgbẹ̀?" Ó wo ojú mi, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀. "Gbogbo orin ìyá rẹ ni mo kó síbẹ̀. Tí mo bá ti tẹ ọ̀kan parí, màá wọ́ ọ lọ síbẹ̀ kó má baà bàjẹ́."

Mo sáré dá ètò náà dúró. Ẹ̀rù bà mí, irú ẹ̀rù tí n kò mọ̀ nídìí iṣẹ́ yìí rí. Mo ti la ẹnu láti bá a wí bí mo ṣe ń bá àwọn oníbàárà mi wí, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò, n kò rí ibi tó ti ṣì í. Lábúlé wa, ààtàn ni wọ́n ń da pàǹtírí sí. Kò sẹ́ni tó ń kọ́ bíìnì fún pàǹtírí.

"Ṣé ẹ ò lè tún wọn tẹ̀ ni, Bàbá?"

Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. "Mo ti jẹ́ kí wọ́n lọ," ó ní.

Mo fa àga mi sún mọ́ ọn. Mo ní, "Bàbá, ẹ gbọ́. Kọ̀ǹpútà kì í hú nǹkan tó bá sọ pé òun ti dà nù. Àmì orí ebè nìkan ló ń fà tu. Iṣu ṣì wà nínú ilẹ̀, títí wọn á fi gbin nǹkan míì lé e lórí."

Ó ronú díẹ̀. "Èyí tó ń to ebè lẹ́ẹ̀kan ńkọ́?"

Ibi tí mo ń sá fún gan-an ló tẹ̀ mọ́lẹ̀ yẹn. Mo ní, "Ó ti tò díẹ̀."

Mo fi dísíkẹ́ẹ̀tì tó ń wá ohun tó sọnù sí i, mo sì gbé òmíràn tó ṣófo sẹ́gbẹ̀ẹ́, torí n kò fẹ́ kọ ohunkóhun sínú kọ̀ǹpútà náà lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tó yá, orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, mo sì mí kanlẹ̀. Bàbá ti fi ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ orin kọ̀ọ̀kan sọ fáìlì rẹ̀ lórúkọ, ṣùgbọ́n lẹ́tà àkọ́kọ́ ti lọ lára gbogbo wọn. Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń pa nǹkan rẹ́ nìyẹn, lẹ́tà àkọ́kọ́ ló máa ń jẹ. Àmì ìbéèrè ló wà níbẹ̀, ètò náà á sì ní kí n fi lẹ́tà kan dí i.

Lẹ́tà yòówù kí n fi sí i, yóò gbà á. Mo sọ fún bàbá pé màá fi X sí gbogbo wọn kí iṣẹ́ lè yá.

"Orin ìyá rẹ ò ní jẹ́ X," ó ní.

"Bàbá, kò sí ìyàtọ̀ kankan fún kọ̀ǹpútà o."

"Ìyàtọ̀ wà fún èmi."

Mo rojú, ṣùgbọ́n mo ka èyí àkọ́kọ́ fún un: àmì ìbéèrè, lẹ́yìn náà R, lẹ́yìn náà U. Ẹ wò ó ná! Nínú èdè wa, kí ni ìyẹn kò lè jẹ́? Mo ní, "Ẹ̀rù? Ìrù? Orù?" Ó di ojú, ó ń mi orí díẹ̀díẹ̀, mo sì ń wo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń lu ilẹ̀. Lójijì ó ní, "Ẹrù ni! Ẹrù téèyàn ń rù." Ó sì gbé e lórin:

*Ẹrù mi rèé lẹ́nu ọ̀nà rẹ,*
*Bàbá, wá bá mi sọ̀ ọ́.*

Mo fi E sí i, mo ṣí i. Orin náà wà níbẹ̀ láti òkè délẹ̀. Bàbá pàtẹ́wọ́ bí ọmọdé.

Báyìí ni a ṣe ń bá a lọ. Èyí tó kù sí WE, ó ní ewé ni, ewé ló sì jẹ́. Èyí tó kù sí NA, mo ní ọ̀nà ni, òun ní iná ni, a fẹ́rẹ̀ẹ́ jà; nígbà tí a ṣí i, ọ̀nà ni. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Gbogbo èyí tó bá sì ti rí lẹ́tà rẹ̀, yóò kọ ọ́ tán kí ó tó gbà kí n lọ sí òmíràn. Àgbàdo mi tutù. Inú mi dùn, mo sì ń bá a gbe orin, èmi tí n kì í lè jókòó ti oníbàárà kan kí n má ṣépè.

Ó wá ku ẹyọ kan. Àmì ìbéèrè, lẹ́yìn náà OYIN.

N kò dúró de bàbá. Mo tẹ M. Mo yíjú sí i, mo ní, "Kí lèyí?"

"Tìrẹ ni," ó ní. "Oyún rẹ ló wà nínú ìyá rẹ nígbà tó bá a lójú oorun. Kò kọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì rí. Ìgbà tó bá ń wẹ̀ ọ́ nìkan ló máa ń kọ ọ́, ó ní ti òun àti ìwọ nìkan ni. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo ti gbọ́ ọ."

Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi rí pé mo ní orin. Ètò náà fi hàn pé fáìlì yìí gùn ju gbogbo ìyókù lọ. Mo ṣí i. Òyìnbó ló kún inú rẹ̀, àlàyé bí wọ́n ṣe ń fi bébà sínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, láti òkè délẹ̀. Mo wò ó títí dé ìsàlẹ̀, mo tún gòkè padà, bóyá màá rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Àwọn àpótí wẹ́wẹ́ yẹn ti tò kan tèmi, wọ́n ti gbé nǹkan míì lé e lórí.

Ọkàn mi bàjẹ́ gan-an. Mo jókòó síbẹ̀, mo fi ọwọ́ bojú, mo sunkún. Bàbá kò ní kí n dákẹ́. Ó ní kí n sún sọ́hùn-ún kí òun ríran, ó tẹjú mọ́ òyìnbó orí kọ̀ǹpútà náà fúngbà díẹ̀, bí ẹni pé ó ń kà á, lẹ́yìn náà ó ní, "Ìyẹn kì í ṣe nǹkan. Mo rántí rẹ̀." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́:

*Moyin, Moyin, omi gbígbóná rèé,*
*jẹ́ kí n fi ra ọ́ lára;*
*Ẹni tó fi ọ́ ta mí lọ́rẹ*
*kò ní gbà ọ́ lọ́wọ́ mi.*

Orin náà dùn. Ohùn rẹ̀ jọ ti Ẹrù, èyí tí a kọ́kọ́ rí lọ́jọ́ náà. Àbí kí n kúkú sọ pé ohùn Ẹrù gan-an ni. Mo nu ojú mi. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ tún un kọ, kí n lè tẹ̀ ẹ́."

Ó tún un kọ. Lọ́tẹ̀ yìí, omi gbígbóná ti di aṣọ funfun, kò sí fífi ra ara mọ́. Olúwa ló ń rìn bọ̀ láti òkè odò, ó gbé ọmọ kan dání, ó ń béèrè ilé wa lọ́wọ́ àwọn ará ọ̀nà. Ó kọ ọ́ láìsinmi, ojú rẹ̀ wà ní dídì, òógùn ń jáde níwájú orí rẹ̀.

"Ṣé o ti tẹ̀ ẹ́ tán?" ó béèrè.

Mo ní mo ti tẹ̀ ẹ́. Ti àkọ́kọ́ àti èyí, méjèèjì ni mo tẹ̀.