Ibi Tí Ọkọ̀ Ògo-Ayétutù Rì Sí

Mo lá àlá kan lọ́sàn-án àná, ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ: ẹ̀bà ni mo jẹ kí n tó sùn. Òótọ́ ni, mo jẹ ẹ̀bà. Ṣùgbọ́n àlá yìí kì í ṣe àlá ẹ̀bà, ẹ jẹ́ kí n rò ó tán ná.

Ẹ kúkú mọ iṣẹ́ mi. Èmi ni mo ń fa téèpù fún àwọn awọnlẹ̀ ní gbogbo agbègbè Òkìtìpupa yìí. Bí mo bá ní ilẹ̀ kan jẹ́ ọgọ́ta ẹsẹ̀ bàtà, kí ẹ pe ọlọ́pàá wá tún un wọ̀n, ọgọ́ta náà ló máa jẹ́. N kì í ṣe àṣìṣe, inú sì máa ń bí mi sí àwọn tó ń ṣe é.

Ìyá mi ló fa àlá yìí. Láti ìgbà tí òkun ti jẹ ilé rẹ̀ ní Ayétutù ni mo ti mú un wá sọ́dọ̀ mi, mo sì fún un ní yàrá ẹ̀yìn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, rédíò sọ pé àwọn òyìnbó kan ti rí ọkọ̀ olókìkí kan tó rì láyé àtijọ́, pé wọ́n ti mọ ojú ibi tó wà gan-an ní ìsàlẹ̀ àgbami. Màmá pa rédíò. Ó ní, "Ọmọ́yẹlé, tiwa ńkọ́?"

Ọkọ̀ Ògo-Ayétutù ló ń sọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà díẹ̀ máa rántí. Àwọn ará ìlú wa ló fi ọwọ́ ara wọn kan ọkọ̀ náà, àwòrán rẹ̀ wà lára kàlẹ́ńdà gbogbo ilé tó wà létí òkun nígbà náà. Ogójì ọdún rèé tó ti rì. Gbogbo èrò inú rẹ̀ ló yè, àwọn apẹja fi ọkọ̀ kékeré kó wọn. Kúùkù ọkọ̀ nìkan ni kò jáde. Kúùkù yẹn ni bàbá mi.

Nítorí náà, kò sí ojú oórì tí Màmá lè lọ. Nígbà tó wà ní Ayétutù, àràárọ̀ ló máa ń jókòó sétí òkun, tí yóò kí bàbá mi, tí yóò ròyìn ilé fún un. "Ṣùgbọ́n mi ò mọ ẹ̀gbẹ́ ibi tó kọjú sí," ó wí fún mi lọ́jọ́ rédíò yẹn. "Ogójì ọdún ni mo ti ń bá a sọ̀rọ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ń kí ńkọ́? Ìyàwó wo ló máa ń kúnlẹ̀ kí ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀?" Mo ní kó má dààmú, pé màá bá a wádìí ibẹ̀. Irọ́ ni mo pa, n kò mọ ibi tí èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ irú ìwádìí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni mo gbé sùn lọ́sàn-án àná.

Ni mo bá rí i tí ògiri yàrá mi di omi. Kò yà mí lẹ́nu. Mo gbé téèpù kọ́ èjìká, mo mú èèkàn kan dání, mo gba inú ògiri jáde, mo sì dé Ọ́fíìsì Ìwádìí Ohun Tó Rì. Páànù ni wọ́n fi kọ́ ọ́, ojú omi ló sì ń léfòó sí. Okùn tí wọ́n fi so ó mọ́lẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀gá tó jókòó sínú rẹ̀ ni wọ́n so ó mọ́. Bí ọ̀gá bá ti na ẹsẹ̀, ọ́fíìsì á sún síwájú. Ọ̀gá Adétìmẹ́hìn ni orúkọ rẹ̀, ó wọ kóòtù, ó sì de táì.

"Ẹ káàsán, sà," mo wí. "Ọkọ̀ Ògo-Ayétutù ni mo ń wá."

"Jókòó sórí omi níbẹ̀ yẹn." Mo jókòó sórí omi. Ó fa fọ́ọ̀mù kan yọ. "Níbo ni ọkọ̀ náà wà?"

"Ohun tí mo wá bèèrè nìyẹn, sà."

"Fọ́ọ̀mù kì í gba ìbéèrè, ìdáhùn ló ń gbà. Ẹni tí kò bá mọ ibi tí nǹkan rẹ̀ wà, a ò lè bá a wá a."

Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu lójú mi, mo tilẹ̀ dúpẹ́. Mo wá bi í níbi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n, nítorí ẹni tó mọṣẹ́ ni mí. Ó ní orí tábìlì òun ni. Mo bá gan èèkàn mi mọ́ ojú omi lọ́ọ̀ọ́kán.

"Ọmọ́yẹlé," èèkàn pè mí, "èèkàn ilẹ̀ ni mí o. Mi ò lè lúwẹ̀ẹ́."

"Di ara ẹ mú," mo wí. Mo na téèpù láti orí tábìlì dé ọ̀dọ̀ èèkàn, ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà méjìlá. Mo tún un nà, ó di mọ́kàndínlógún. Mo tún un nà lẹ́ẹ̀kẹta, ó di méje. Orí mi dà rú. Lójú ayé, irú èyí kò ṣẹlẹ̀ sí mi rí.

"Ọ́fíìsì yín ń rìn, sà."

Ọ̀gá Adétìmẹ́hìn ká ẹsẹ̀ kò. "Ọ́fíìsì ìjọba kì í rìn. Gbogbo nǹkan tó kù ló ń rìn. Ẹ jẹ́ ká pe ẹlẹ́rìí."

Àwọn ẹlẹ́rìí ti wà lórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀: ilé agogo ṣọ́ọ̀ṣì Ayétutù, igi àgbọn kan tó ga, àti òrùlé dìsípẹ́ńsárì. Ẹ jẹ́ kí n là á yé ẹ̀yin tí kì í ṣe ará etí òkun. Àwọn apẹja wa kì í fi téèpù wọn òkun. Ilẹ̀ ni wọ́n máa ń bojú wẹ̀yìn wò. Bí igi àgbọn bá dúró síwájú ilé agogo, tí àwọn méjèèjì tò di ẹyọ kan, tí òrùlé dìsípẹ́ńsárì sì yọjú díẹ̀ lápá òsì, a jẹ́ pé ibi tí ọkọ̀ rì sí nìyẹn. Àmì tí wọ́n fi síbẹ̀ lọ́jọ́ náà nìyẹn, gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n. Wàhálà ibẹ̀ ni pé òkun ti jẹ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àmì ti bá ohun tí à ń fi àmì wá lọ sínú omi.

"Ẹ tò," ọ̀gá pàṣẹ.

"Èmi ò lè dúró sẹ́yìn ẹni tí mo jù lọ́jọ́ orí," ilé agogo wí, ó ń di ìbàdí mú.

"Ta lo jù lọ́jọ́ orí?" Igi àgbọn bínú. "Ṣebí abẹ́ mi ni wọ́n ti po sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi kọ́ ẹ!"

"Èmi ò ní í dá sí i," òrùlé dìsípẹ́ńsárì wí láti ẹ̀yìn bẹ́ǹṣì. "Díẹ̀ ni wọ́n ní kí n yọjú."

Mo bẹ̀ wọ́n títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Nígbà tí wọ́n tò tán, ọ̀gá fa ìlà lórí máàpù, ó lu òǹtẹ̀ gbàmù. "Ojú ibẹ̀ gan-an nìyí!" Inú mi dùn. Mo na ọrùn kí n wò ó. Àfi bí táì ọ̀gá ṣe di irùngbọ̀n, tí etí rẹ̀ gùn wálẹ̀, tí ìwo méjì sì yọ lórí rẹ̀. Ó ké mẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tọrọ gáfárà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ máàpù.

"Ọ̀gá, ibi tí ọkọ̀ wà lẹ ń jẹ yẹn o!"

"Ọ̀rọ̀ yín ti wọ inú ìjọba," ó wí, ó ń jẹnu wọ́mú wọ́mú. "À ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ padà wá lọ́jọ́ mìíràn."

Inú bí mi. Mo so etí téèpù mọ́ ìwo rẹ̀, mo di ìyókù mú, mo sì bẹ́ sómi.

Ìsàlẹ̀ òkun kò jìn rárá. Àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá ni, èyí tó kẹ́yìn ti fọ́. Ọkọ̀ Ògo-Ayétutù jókòó sórí yanrìn, ó na ẹsẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà," mo wí. "Gbogbo ayé ló ń wá yín."

"Wọ́n ń wá mi kẹ̀? Èmi ò sọnù. Ibi tí mo wà lánàá ni mo wà lónìí. Kúùkù wà nínú ilé, nu ẹsẹ̀ ẹ kó o tó wọlé."

Mo nu ẹsẹ̀. Bàbá mi wà nídìí ìkòkò, ó ń ro ọbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni nígbà tó lọ, ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n náà ló ṣì wà. Èmi sì rèé, mo ti pé mẹ́tàléláàádọ́ta. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó wo ewú orí mi, ó ju ṣíbí sílẹ̀, òun náà dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ káàsán, sà," bàbá mi wí fún mi.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, sà."

"Ó tì o, ẹ̀yin lẹ dàgbà. Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ dìde."

Báyìí la wà nílẹ̀, àwa méjèèjì, títí ọbẹ̀ fi fẹ́ jóná. Ọkọ̀ ló pariwo láti ìta pé ká dìde pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Èmi ni Ọmọ́yẹlé," mo wí.

"Ẹ̀yin kọ́, sà. Ọmọ́yẹlé wa ò tíì hu irùngbọ̀n. Ó wà nílé ìwé báyìí." Ó wá tẹjú mọ́ etí mi òsì, èyí tí ajá bù jẹ nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ọmọ́yẹlé. O ti dàgbà jù mí lọ." Ojú tì í, bí ẹni pé òun ló jẹ̀bi rẹ̀. Mo fẹ́ sunkún, ṣùgbọ́n omi ti pọ̀ jù níbẹ̀.

Ó bu ọbẹ̀ fún mi tọ́ wò. Mo ní iyọ̀ ti pọ̀ jù. Ó ní òun ò bu iyọ̀ mọ́ láti ogójì ọdún, omi ló ń bù ú sí i.

"Màmá ní kí n bi yín, sà. Ẹ̀gbẹ́ ibo lẹ kọjú sí?"

"Ìkòkò ni mo kọjú sí."

"Ìkòkò ńkọ́?"

"Ìkòkò kọjú sí mi." Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó mú ṣíbí, ó gbé ẹsẹ̀ kan bí ẹni tó fẹ́ yí padà. "Òun náà ńkọ́, níbo ló jókòó sí? Sọ fún mi, màá yí sí i. Èmi náà ò fẹ́ kọ ẹ̀yìn sí i."

"Ilé mi ni, sà, l'Ókìtìpupa."

"Mo gbọ́. Apá ibo nínú ilé?"

"Yàrá ẹ̀yìn."

"Ó kọjú síbo?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbọ́. Èmi tí mo mọ gbogbo òpó ilẹ̀ láti ibí dé Igbókọ̀dá, n kò mọ ibi tí ìyá mi kọjú sí nínú ilé mi. Mo dúró pẹ́ kí n tó rántí. Èmi fúnra mi ni mo gbé àga rẹ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ tó dé. Mo kọ ojú rẹ̀ sí ògiri, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má bàa dí ibi tí mo ń gbé èèkàn gbà.

"Ògiri ni, sà."

Bàbá mi rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. "Kí ló wà lára ògiri náà?"

"Kò sí nǹkan kan, sà."

Ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì, ṣíbí ń kán ọbẹ̀ sílẹ̀. Kò mọ ibi tí yóò yí sí. "Di téèpù yẹn mú dáadáa," ó bẹ̀ mí, "kí n lè mọ apá ibẹ̀." Mo fà á. Téèpù dẹ̀ sí mi lọ́wọ́, mo sì gbọ́ tí nǹkan ń jẹun lókè.

Mo lajú. Ewúrẹ́ aládùúgbò wa ló dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, ó ń jẹ téèpù aláṣọ mi. Ó ti jẹ ẹ́ dé ẹsẹ̀ bàtà kẹfà.

N kò lé e. Mo gba ìyókù téèpù lẹ́nu rẹ̀, mo lọ sí yàrá ẹ̀yìn. Màmá wà lórí àga rẹ̀, ó kọjú sí ògiri, ó ń rọra sọ fún bàbá mi pé eyín tó ń dun òun ti já. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, mo sì tijú ara mi.

"Màmá, ẹ dìde díẹ̀, kí n gbé àga yìí."

Ó wò mí. "Wọ́n ti rí ọkọ̀ ọ̀hún?"

"Mo lá àlá. Mo bá Bàbá sọ̀rọ̀."

"Ẹ̀gbẹ́ ibo ló kọjú sí?"

"Wọ́n ní ibi tẹ́ ẹ bá wà làwọn máa yí sí, mà. Ibi tẹ́ ẹ wà ni wọn ò mọ̀."

Ó di ọwọ́ àga mú, ó dìde. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ṣé ó ṣì ń bu iyọ̀ jù sọ́bẹ̀?"

"Wọ́n ní omi ló ń bù ú."

Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e, ó sì ń nu ojú. Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. Mo gbé àga náà jáde sẹ́yìn ilé, ewúrẹ́ tẹ̀ lé wa. Mo ti na ohun tó kù nínú téèpù kí n lè mọ apá ibi tí òkun wà gan-an, ṣùgbọ́n Màmá gbà á lọ́wọ́ mi, ó ká a, ó fi sábẹ́ apá. Ó wo ọ̀run, ó wo ọgbà, ó tún ìró rẹ̀ ró. Ó fi ọwọ́ ti àga, ó rọra kúnlẹ̀.

"Bàbá Ọmọ́yẹlé, ẹ káàsán o," ó wí. "Ẹ̀yìnkùlé ni mo wà báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ewúrẹ́."