Ohun Tí Bàbá Ń Sọ Létí Àwẹ̀ró

Láoyè lá àlá kan lọ́sàn-án Sátidé tó kọjá, mo sì ní kí n tètè sọ ọ́ fún yín kí òun fúnra rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi iyọ̀ sí i. Ọ̀sán gangan ni o, oòrùn wà lókè. Ẹ má bi mí pé báwo lèèyàn ṣe ń lá irú àlá bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án. Ẹni tó bá ń kọ ìtàn jẹun, kò sí ohun tí ojú rẹ̀ ò lè rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ bàbá rẹ̀ wà nínú ọgbà ilé wọn ní Ìkìrun, Pijó àtijọ́ kan tó funfun bí ẹyin adìẹ nígbà ayé bàbá náà, tó ti wá di aláwọ̀ eérú. Àwẹ̀ró ni bàbá ń pè é. Ọdún kẹta rèé tí bàbá ti kú, láti ìgbà náà ni Àwẹ̀ró ò sì ti kúrò lójú kan. Láoyè kúkú fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́ ju bí àwọn kan ṣe fẹ́ràn ìyàwó wọn lọ. Bí ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ṣáájú kí wọ́n tó bí i bá kọjá lójú títì, á dúró, á yọ fìlà fún un.

Inú Àwẹ̀ró ló ti ń kàwé. Láàárín oṣù méjì, ó ka ìwé mẹ́fà níbẹ̀: ti ọ̀gá atukọ̀ ojú omi kan tó sọnù sórí òkun, ti adájọ́ kan tí wọ́n jí gbé, àti mẹ́rin mìíràn tí mi ò ní fi tán yín ní sùúrù. Ìtàn tí òun fúnra rẹ̀ ń kọ ńkọ́? Ó dúró sójú ìwé kẹtàdínlógún, níbi tí awakọ̀ kan ti jókòó sínú ọkọ̀ tí kò sì mọ ohun tó kàn.

Ìyàwó rẹ̀, Morádéùn, fẹ́ kọ́ ilé adìẹ sójú ibi tí Àwẹ̀ró wà. Ó sọ ọ́ sọ ọ́, nígbà tó di Fúráìdé, Láoyè ní, "Ó dáa." Ẹ mọ irú "ó dáa" yẹn. Bí Àlàájì Ráúfù tó ń ra irin àlòkù ṣe ní òun ń bọ̀ láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì nìyẹn, láti wá wọ́ Àwẹ̀ró lọ, kí òun gé e sí wẹ́wẹ́.

Láago méjì, Láoyè wọnú ọkọ̀ láti ka ojú ìwé mẹ́ta tó kù nínú ìtàn adájọ́ yẹn. Ó gbé pátíkúlà, ìyẹn ìwé ọkọ̀, lé itan, torí Àlàájì á béèrè rẹ̀. Kò tíì ṣí ìwé kan tí oorun fi gbé e lọ.

Rédíò ọkọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ọdún mọ́kànlá rèé tí rédíò yẹn ti yadi o.

"Láoyè, mú nǹkan dání. A ti ń lọ."

"Ẹ ṣé, sà," Láoyè ní, ó sì di ilẹ̀kùn mú.

Kò sí kọ́kọ́rọ́, kò sí epo, Àwẹ̀ró gbéra. Ó gba inú ògiri ọgbà kọjá bí ẹni gba abẹ́ kọ́tìnì. Ọ̀nà tó wà níta kì í ṣe ọ̀nà Ìkìrun mọ́. Ìwé ni ọ̀nà náà, ó funfun, ó fẹ̀, ọ̀rọ̀ tò sára rẹ̀ ní ìlà-ìlà, àwọn táyà sì ń kà á sókè bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ohun kan ṣoṣo tó ń dun Láoyè ni pé wọ́n ń yára jù.

"Ẹ rọra kà á, ẹ jọ̀ọ́," ó ní.

"Má yọ wá lẹ́nu," táyà iwájú lápá òsì dáhùn. "A ti kà á rí."

Níwájú díẹ̀, ọ̀gá atukọ̀ ojú omi yẹn dúró létí ọ̀nà, omi ń kán lára aṣọ rẹ̀, ó fi ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ há abíyá. Ó nawọ́, wọ́n sì gbé e.

"Ẹ bá mi dúró lójú ìwé igba," ó ní. "Ìyàwó mi ń retí mi níbẹ̀."

"Ojú ìwé igba kẹ̀? Mo ti kà á, sà. Ìyàwó yín ti kó ẹrù rẹ̀ lọ."

Ọ̀gá atukọ̀ fún omi létí aṣọ rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n bọ́lẹ̀ níbi tó ku ojú ìwé kan nígbà náà. Kí n ṣì máa retí." Wọ́n jẹ́ kó bọ́lẹ̀. Láoyè bá a gbé ọkọ̀ ojú omi sọ̀ kalẹ̀, ó sì kí i pé ó dàbọ̀.

Bí ó ṣe padà jókòó báyìí, ó rí i pé òun ti wà nínú ọ́fíìsì. Àti òun àti Àwẹ̀ró. Ọ́fíìsì ìjọba tí wọ́n ti ń yẹ ìwé ọkọ̀ wò ni, ó léfòó sójú ọ̀run, wọ́n fi okùn so ó mọ́ igi kaṣú kan nísàlẹ̀ kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ. Aago ara ògiri ń làágùn. "Ó kù díẹ̀ kí n lu mẹ́rin o," ló ń wí ṣáá. "Ẹ má ní mi ò sọ fún yín."

Akọ̀wé kan wà nídìí tábìlì, ó wọ kóòtù, ó de táì, irùngbọ̀n rẹ̀ wálẹ̀ dé àyà.

"Ta ló ni ọkọ̀ yìí?"

"Èmi ni, sà. Bàbá mi ló fi sílẹ̀ fún mi." Láoyè na pátíkúlà sí i.

Akọ̀wé ò gbà á. Ó gbé àwo mọ́ínmọ́ín kan kalẹ̀, èéfín ṣì ń rú lórí rẹ̀. "Kọ́kọ́ jẹun ná."

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í jẹun lójú àlá. Ìyá bàbá Láoyè kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ láti kékeré, pé oúnjẹ ojú àlá, ẹni tó gbé e wá nìkan ló mọ ohun tó fi sè é. Láoyè ò mọ̀ pé òun ń lá àlá o, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mọ̀.

"Ẹ ṣé, sà. Mo ti jẹun."

"O ti jẹun? Ta ló fún ọ lóúnjẹ?"

Ìbéèrè yìí ṣe Láoyè bákan. Akọ̀wé fi ẹnu gba pátíkúlà lọ́wọ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ láti etí wá. Kó tó jẹ ìdajì, ìwo ti yọ lórí rẹ̀, ó ti di ewúrẹ́ pẹ̀lú táì lọ́rùn.

"Ẹ kú oúnjẹ o, sà," Láoyè ní. Ọmọlúàbí ni, ẹ ò lè gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìwé ti tán," ewúrẹ́ ní, ó nu ẹnu. "Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ìwọ lo ni í? Ẹni tó bá ni ọkọ̀ yìí á mọ ọ̀rọ̀ tí ọkọ̀ náà máa ń gbọ́ láràárọ̀ kó tó jí. Sọ ọ́."

Láràárọ̀ ni bàbá rẹ̀ máa ń fọ Àwẹ̀ró, á fi ìka kan bọ́nẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mẹta, kó, kó, kó, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí i. Ojú máa ń ti Láoyè nígbà náà nítorí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kò súnmọ́ ibẹ̀ rí, kò sì gbọ́ ọ rí.

Ó yíjú sí ọkọ̀. "Ẹ̀yin Àwẹ̀ró, ẹ gbà mí. Kí ni Bàbá máa ń sọ fún yín?"

"Ṣé o bi wọ́n rí?" Àwẹ̀ró ní.

"Rárá, mà."

"Ìwé mẹ́fà lóṣù méjì," Àwẹ̀ró ní, kò bínú, ó kàn ń wí i. "O fẹ́ mọ ẹni tó jí adájọ́ gbé. O fẹ́ mọ ibi tí atukọ̀ sọnù sí lórí òkun. Nígbà tí bàbá rẹ wà láyé, o ò bi wọ́n. Ó dáa, gbé etí wá."

Láoyè gbé etí lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Aago la ẹnu. Ọkọ̀ mí kanlẹ̀, ó ní:

"Mẹ̀ẹ̀ẹ̀ẹ̀!"

Láoyè lajú. Ewúrẹ́ Morádéùn ti gbé ẹsẹ̀ lé ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó ti orí bọ ojú fèrèsé, ó ń jẹ ojú ìwé mẹ́ta tó kù nínú ìtàn adájọ́. Èyí tó kẹ́yìn ló wà lẹ́nu rẹ̀. Pátíkúlà wà lórí itan Láoyè, pípé ló pé.

Àlàájì Ráúfù dúró lẹ́nu géètì pẹ̀lú okùn lọ́wọ́. "Bàbá Ìbídùn, aago mẹ́rin ti lù. Ìwé ọkọ̀ ńkọ́?"

Láoyè bọ́lẹ̀. Kò lé ewúrẹ́. Ọ̀dọ̀ ìyàwó rẹ̀ ló lọ. "Ìyá Ìbídùn, kí ni Bàbá máa ń sọ létí ọkọ̀ yìí láràárọ̀?"

Morádéùn wò ó. "Ṣé ẹ ò mọ̀ ni? Ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé yìí, tí Bàbá ń gbé mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ ọ. Wọ́n á ní, 'Àwẹ̀ró, gbé mi lọ o, gbé mi bọ̀ o. Láoyè ò tíì jẹun.'"

"Èmi?"

"Ẹ̀yin náà ni. Ẹ ti lé lọ́gbọ̀n ọdún nígbà yẹn! Ẹ ti jẹ ẹ̀bà tán, ẹ ti tún sùn padà. Mo bi wọ́n pé kí ló dé. Wọ́n ní láti ọdún tí ìyá yín ti kú ni, nígbà tí wọ́n ń fi ọkọ̀ yìí gbé èrò Òṣogbo. Bí Àwẹ̀ró bá kọ̀ tí kò jí, tebitebi lẹ máa sùn. Wọ́n ní ó ti mọ́ àwọn lẹ́nu."

Omi lé sójú Láoyè. "Mi ò fẹ́ kí wọ́n gé e," ó ní. "Nígbà tí mo ní ó dáa, irọ́ ni mo pa. Kò dáa."

"Háà, Bàbá Ìbídùn! Ṣé ẹ ò lè fi ẹnu yín sọ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá ni?" Ó yíjú sí ẹnu géètì. "Àlàájì, ẹ má bínú, a ti dà yín láàmú. Ilé adìẹ máa wà lẹ́yìn kíṣìnnì."

Àlàájì ká okùn rẹ̀ pẹ̀lú ìbínú. "Ẹ ṣì máa pè mí. Gbogbo wọn ló máa ń pè mí." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Láoyè wọnú ọkọ̀ padà, ó ṣí ìwé tirẹ̀ sójú ìwé kẹtàdínlógún. Ó mú kí awakọ̀ inú ìtàn náà sọ̀ kalẹ̀, kó lọ síwájú ọkọ̀, kó kàn án lẹ́ẹ̀mẹta. Ló bá ń kọ ọ́ lọ. Títí dòní, kò mọ ẹni tó jí adájọ́ gbé.

Nígbà tó yá, Morádéùn gba ojú fèrèsé na àwo kan sí i. Mọ́ínmọ́ín ni, èéfín ṣì ń rú lórí rẹ̀.

"Ẹ ò tíì jẹun láti àárọ̀," ó ní.

Láoyè wo mọ́ínmọ́ín, ó wo irùngbọ̀n ewúrẹ́ tó dúró lẹ́yìn ìyàwó rẹ̀. Ó fi èékánná já ara rẹ̀ lápá, ó dùn ún dáadáa. Ló bá gba àwo náà, ó sì jẹ ẹ́ tán.